Ooru oṣù Kẹta yìí àti ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí, Ìjọ̀kà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àkọ́bí mi pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lánàá. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí a ti rí iná mọ̀nàmọ́ná kẹ́yìn ní àdúgbò wa, ẹ sì mọ bí Àkúrẹ́ ṣe máa ń rí ní oṣù Kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Páànù ilé wa kò ga, yàrá wa sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, ògiri fúnra rẹ̀ á máa gbóná.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Oǹdó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Mi ò lè san oore wọn láé. Àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń gbé e lóru kí n lè rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n á wọ aṣọ alápá gígùn lé e, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ sí i, wọ́n á wá fi ṣọ́ọ̀lù wé gbogbo rẹ̀. Fèrèsé kì í ṣí nítorí atẹ́gùn. Ọmọ á máa ké, irun rẹ̀ á rin fún òógùn. Lónìí mo rí i pé nǹkan wẹ́wẹ́ ti sú u lọ́rùn àti lábíyá. Bí mo bá tú ṣọ́ọ̀lù, màmá á fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i bó ṣe tutù?" wọ́n á sì tún wé e padà.

Ṣé èmi ni mò ń ṣe àṣejù ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ooru ló ń mú un tàbí òtútù? Kí ni mo sì lè sọ fún màmá tí wọn kò ní rò pé mò ń rí àwọn fín?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ọwọ́lómi o, ìyàwó wa. Olúwa á bá wa wò ó dàgbà. O ò ṣe àṣejù rárá.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó tutù yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣìnà nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun sábà máa ń tutù ju ara rẹ̀ tó kù lọ, ẹ̀jẹ̀ kò tíì máa ṣàn débẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lára àgbà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ. Ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, tàbí kí o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì gbẹ, ara rẹ̀ dá. Bó bá gbóná, tàbí tó rin fún òógùn, bọ́ aṣọ kan kúrò, dúró díẹ̀, kí o tún fọwọ́ kàn án. Bí àyà tàbí ikùn gan-an bá tutù, ìgbà yẹn lo tó máa fi aṣọ kún un.

Ọjọ́ tí ooru mú Táyé tèmi, kò ké rárá. Ó kàn rọ̀, ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fẹ́ mu ọmú. Kẹ́hìndé ló ń ké ní tirẹ̀. Nítorí náà ẹ má dúró de ẹkún nìkan. Ẹ má sì dúró kí ojú ọmọ pọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ dúdú ni tiwa, pípọ́n kì í tètè hàn lára wọn. Òógùn ọrùn, mímí kíákíá, ara tí kò balẹ̀, àwọn ni kí ẹ máa wò.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Òkè-Àrò

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà dá sí i, torí yàrá yẹn, iṣẹ́ ọkọ rẹ ni. Kó wá aṣọ tó nípọn kó fi ta fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn láti bí aago méjìlá ọ̀sán, kí oòrùn má bàa wọlé. Bí oòrùn bá ti lọ sílẹ̀, kó ká a kúrò, kó ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ara wọn kí atẹ́gùn lè gba àárín ilé kọjá. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣí kò lè lé ooru lọ. Kó kan nẹ́ẹ̀tì sójú rẹ̀, kí ẹ̀fọn má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ní ọ̀sán gangan, ẹ gbé ọmọ lọ sí yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pálọ̀ ni. Kò sí òfin tó ní yàrá ìyá rẹ̀ nìkan ni ọmọ gbọ́dọ̀ sùn sí.

Fáànù: ẹ jẹ́ kó máa yí orí, tàbí kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, kó má ṣe máa fẹ́ sí ọmọ lójú tààrà. Èyí tí a máa ń ṣájì wúlò gan-an, ẹ máa ki í bọ iná ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé, àní bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí gan-an ni jẹnẹrétọ̀. Bí ooru bá pọ̀, ẹnìkan nínú ilé á ní ká tan jẹ́n nítorí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé, ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀ láé. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn tí a kò sì lè fojú rí, ó lè pa gbogbo ilé sójú oorun. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ni yóò sì gbà wọlé. Bí kò bá sí àyè láti gbé e jìnnà réré sí ilé, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ èmi náà.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ìsìnkàn

Mo ń ta aṣọ ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ aṣọ ọmọ tó ń dán, tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe òwú. Ọ̀rá tí wọ́n sọ di fọ́nrán ni, kì í fa òógùn, kì í sì jẹ́ kí ooru jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òwú, ẹ kán omi sí i lójú. Òwú á fà á mu, èyí tó kù á jẹ́ kó máa yí gbirigbiri lójú rẹ̀. Ẹ sì lè fa fọ́nrán kan yọ kí ẹ fi iná sí i: òwú á jó bí ìwé, á di eérú, èkejì á yọ́, á sì gan pọ̀ di kókó.

Aṣọ tó dára jù fún ọmọ ní àkókò yìí, ẹ kò ní láti rà á lọ́wọ́ mi. Ìró àǹkárá tí ẹ ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó ti fẹ́lẹ́, ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ fún un, ẹ fi bò ó títí dé àyà lásán. Síńgílẹ́ẹ̀tì kan àti ìlédìí ti tó fún ọ̀sán. Rọ́bà tí a máa ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kí ìtọ̀ má bàa rin ín, òun náà ń dá ooru padà sí ọmọ lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá lè yọ ọ́, ẹ ṣẹ́ ìró sí ìṣẹ́po méjì tàbí mẹ́ta lé e lórí.

Ọjọ́ ìkómọ ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nígbà mìíràn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á wọ léèsì fún un, wọ́n á dé e ní fìlà aláwẹ́ tí ìgbátí rẹ̀ le, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀lù funfun wé e, àádọ́ta ènìyàn á wà nínú pálọ̀ kan, wọ́n á máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n wọ èyí tó dára fún un títí tí wọ́n á fi sọ orúkọ rẹ̀ tán tí wọ́n á fi ya fọ́tò, kí wọ́n gbé e wọ yàrá lọ, kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti káńfọ̀, ìyẹn kóró funfun tí a fi ń lé aáyán láàárín aṣọ. Aṣọ òtútù tí màmá kó láti Oǹdó wá, bó bá ń rùn ún, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó kan ara ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba káńfọ̀ rárá, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ẹyinjú wọn á sì pọ́n bíi ti ibà pọ́njú. A kì í mọ ọmọ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú lásán.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìgbárá-Òkè

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀dọ̀ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀ ni ètò Abíyẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aboyún àti abiyamọ nílé wọn. Inú yàrá bíi ti Ìyá Àkọ́bí ni mo ti rí ọmọ tí wọ́n rò pé ibà ló ń ṣe, tó jẹ́ pé aṣọ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Mo sì ti rí èkejì rẹ̀: ọmọ tí wọ́n ní ooru lásán ni, tó jẹ́ pé àìsàn ńlá ni. Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, fara balẹ̀ kà á.

Ara ọmọ kéré, ṣùgbọ́n bí a bá wọn ìwúwo rẹ̀ mọ́ awọ tó bò ó, awọ náà pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí ooru fi tètè ń mú un, tí òtútù náà fi tètè ń mú un. Ibi tí òógùn ti ń jáde lára rẹ̀ kò tíì gbó. Orí rẹ̀ tóbi, ibẹ̀ ni ooru púpọ̀ ti ń jáde. Bí o bá dé e ní fìlà nínú ilé ní ọ̀sán oṣù Kẹta, o ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ ọn.

Wá tẹmómítà tó ń fi nọ́ńbà hàn, kò wọ́n. Fi sí i lábíyá, di apá rẹ̀ mú títí yóò fi dún. Láti 36.5°C dé 37.5°C, ara rẹ̀ dá. Bó bá kọjá 37.5°C, bọ́ aṣọ rẹ̀ ku ìlédìí, gbé e síbi atẹ́gùn, fún un lọ́mú, kí o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. Bí ooru ilé ló fà á, yóò ti wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, tàbí tó bá dé 38°C, ọsibítù ni, ní òru ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kì í ní ibà kékeré.

Àwọn kan wà tí o kò ní dúró wọn ìdajì wákàtí kankan fún: bí kò bá lè mu ọmú mọ́, bí gìrì bá mú un, bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀ tí o jí i tí kò jí dáadáa, bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí bí mímí rẹ̀ bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí o kà á, kí o sì ka ìṣẹ́jú kan náà pé. Wo àwújẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jìn wọnú, omi ti dín lára rẹ̀.

Omi ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn á ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Má ṣe fún un ní omi, má ṣe fún un ní àgbo tútù, títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Omi ló ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wàrà ọmú lọ. Omi tí o bá fún un á gba àyè oúnjẹ nínú ikùn tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ó sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wá. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o máa fún un lọ́mú léraléra, kó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ni kí o mu omi. Gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbàkígbà tí o bá jókòó fún un lọ́mú. Bó bá ń tọ̀ tó ìlédìí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ìtọ̀ náà kò sì pọ́n, ó ń rí mu.

Ní ti èyí tó sú u lára, ooru ni. Kì í pa ọmọ, ó ń yún un ni. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán, ọṣẹ díẹ̀, kí o fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ìṣẹ́po ọrùn rẹ̀. Fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi náà wò, kó má gbóná, kó má sì jẹ́ omi yìnyín. O lè wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Má da àtíkè sí i lọ́rùn, ọmọ ń fa ìyẹ̀fun náà símú ni. Òrí àti àdín dára, èmi náà lò ó, ṣùgbọ́n dá a dúró títí tí èyí tó sú náà yóò fi lọ, torí ó ń dí ojú ihò òógùn. Má sì fi ìpara tó ń ta sánsán kàn án, imú ọmọ kò gbà á.

Ti màmá, má bá wọn jà. Gbà wọ́n láyè kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ wọn. Ọmọ rẹ á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sìn ọ́ lọ, kí o bi nọ́ọ̀sì ní gbogbo ìbéèrè yìí lójú wọn. Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ àgbà nínú kì í ṣe èyí tó ti ẹnu ìyàwó ilé jáde nígbà gbogbo.

Ọmọ Àkúrẹ́, Ìlú Òyìnbó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Níbí, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí yàrá ọmọ wà láàárín 16 sí 20°C. Wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ọmọ fi sùn, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó lè bò ó lójú, láìsí fìlà, torí ọmọ tí ooru bá mú jù lójú oorun wà nínú ewu ikú òjijì tí a kì í rí ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìgbárá-Òkè

O ṣeun, ọmọ mi. Ti oorun yẹn, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gbà bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yìn ni kó fi sùn, ní ọ̀sán àti ní òru, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ má torí ooru ká àwọ̀n náà kúrò o, ẹ kàn ta á kó fẹ̀, kó má lẹ̀ mọ́ ọmọ.

Ti nọ́ńbà yàrá, ẹ má jẹ́ kó kó ìpayà bá yín. Ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Àkúrẹ́ kò lè tutù dé 20°C ní oṣù Kẹta, àwọn ọmọ wa sì ń dàgbà níbẹ̀. Ara ọmọ ni kí ẹ máa wọ̀n, ẹ fi ògiri sílẹ̀.

Ìyá Ọmọ Olóṣù Méje, Ìdànrè

Ẹ dákun, ṣé èmi náà lè bọ́ fìlà ọmọ mi? Oṣù méje péré ló lò nínú mi, kílò 1.9 ni mo bí i, ó ti di 2.2 báyìí. Wọ́n ní kí n máa gbé e sáyà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìgbárá-Òkè

Rárá o. O ṣeun tí o béèrè, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó kílò 2.5 kò ní ọ̀rá lára tó máa mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, òtútù ni ọ̀tá tirẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ ní ọsibítù ni kí o ṣe: awọ ara rẹ mọ́ awọ ara rẹ̀, fìlà lórí. Bó bá di ọ̀sán tí òógùn ń bò ẹ̀yin méjèèjì, kí ìwọ bọ́ síbi atẹ́gùn, kí o tú aṣọ tí o fi so yín pọ̀ díẹ̀, kí o máa wọn ara rẹ̀. Bó bá wà láàárín nọ́ńbà tí mo kọ sókè, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá padà lọ fi hàn wọ́n, bi wọ́n léèrè fìlà náà.

Ìyá Àgbà, Oǹdó (ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́)

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ yìí kà á fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwa ìyá ọkọ. A kò wé ọmọ láti fi ìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí àwa ń bímọ, ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, ó tutù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ní ọ̀sán. Ọyẹ́ á dé, ọmọ á máa gbọ̀n, a sì ti rí èyí tí òtútù gbé lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára wa. Ilé búlọ́ọ̀kù tí ẹ kọ́ lóde òní, tí ẹ wá fi páànù bò, ìléru ni. Aṣọ ilé alámọ̀ kò bá ilé páànù mu, ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí ló yé mi. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ wé e ní àárọ̀, bí oòrùn bá ti ràn kí ẹ máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó, kúnlẹ̀ kí o sọ fún ìyá ọkọ rẹ bẹ́ẹ̀. Sọ pé ìyá kan ní Oǹdó ló ní kí o sọ ọ́.

Ìyá Àkọ́bí, Ìjọ̀kà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé o. Èsì ni mo mú wá. Mo ka ti Ìyá Àgbà sókè fún màmá lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá sọ fún mi nípa ọmọ kan tí wọ́n bí ṣáájú ọkọ mi, tí kò gbé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. A jọ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, wọ́n ní, "Ó mà rin," wọ́n sì bọ́ fìlà náà fúnra wọn.

Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìlédìí ló fi sùn, lórí ìró àtijọ́ màmá. Ọkọ mi ti ta aṣọ sójú fèrèsé. Mo ra tẹmómítà lónìí, 36.9 ló wí. Ó sùn fún wákàtí mẹ́ta gbáko.

Ìbéèrè kan ló kù. A fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sí mọ́tò tiwa. Báwo ni kí n ṣe gbé e?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé

Ẹ tètè jáde, kí ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, oòrùn kò ní tíì mú, ẹ ó sì wà níwájú lórí ìlà. Gbé e sáyà, má tíì pọ̀n ọ́n, ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Má da ṣọ́ọ̀lù bò ó lójú nínú takisí nítorí eruku, bẹ àwọn èrò kí wọ́n bá ọ ṣí wíńdò díẹ̀. Agbòòrùn ni kí màmá mú dání fún òde. Bí awakọ̀ bá dúró ra epo tàbí tó ń dúró de èrò nínú oòrùn, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibòji. Mọ́tò tó dúró sójú oòrùn ń gbóná kíákíá ju bí o ṣe rò lọ, àní pẹ̀lú wíńdò ní ṣíṣí díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìgbárá-Òkè

Ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, bi wọ́n bóyá kí o fún un ní oògùn kankan àti ìwọ̀n rẹ̀, má fún un ní nǹkan kan fúnra rẹ. Aṣọ fẹ́lẹ́, ọmú, atẹ́gùn. Bó bá kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tí o rí èyíkéyìí nínú àwọn tí mo kà sókè, ẹ gbé e padà lọ. Kí màmá di ìwé àjẹsára rẹ̀ mú, inú wọn á dùn.